Ẹ̀rẹ̀kẹ́-Dígí àti Abẹ Olójú Kan

Kí ẹ tó mọ ṣọ́ọ̀bù Adégbìtẹ́ ní Awada, ní òdìkejì odò Ọya, ẹ ó ti gbọ́ ìròyìn ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Dígí mẹ́ta ló gbé kọ́ sáàárín páálí ṣúgà àti agolo mílíìkì: ọ̀kan fún ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, ọ̀kan fún ti òsì, ẹ̀kẹta fún àgbọ̀n, nítorí àgbọ̀n náà lẹ́tọ̀ọ́ tirẹ̀. Bí oníbàárà bá béèrè iye tí wọ́n ń ta sàdíìnì, á kọ́kọ́ fọwọ́ ra àgbọ̀n náà wò, bóyá ó ṣì wà níbẹ̀, kó tó dáhùn.

Ẹ̀rẹ̀kẹ́-Dígí! Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí eṣinṣin bà lé, tó yọ̀ ṣubú! Bẹ́ẹ̀ làwọn aránṣọ àdúgbò ṣe máa ń kì í, òun náà á sì rọra mirí bí ẹni tí wọ́n ń wé láwàní fún.

"Bọ̀dá, ta ló ń bá yín fá a?" ọ̀kan nínú wọn á bi í.

"Fá kí ni? Bí wọ́n ṣe bí wa nílé wa nìyẹn."

Irọ́ gbuu. Gbogbo àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ló ń gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn wọ ṣọ́ọ̀bù Dáúdà onígbàjámọ̀, tí ìyẹn á fi kílípà fá a mọ́ ọn lójú. Dáúdà ń gbọ́ irọ́ náà, ó kàn ń rẹ́rìn-ín ni.

Lóṣù tó kọjá, Àjọkẹ́ aránṣọ, ìyá Ràhmán, wá ra mílíìkì. Bó ṣe ṣí agolo bisikíìtì tó ń kó abẹ́rẹ́ àti bọ́tìnnì sí, kó lè mú owó, ni Adégbìtẹ́ rí abẹ kan nínú rẹ̀: abẹ ìfárùngbọ̀n ayé àtijọ́, onídẹ, ọrùn rẹ̀ kúkurú, orí rẹ̀ ní ìdérí bíi ti ìkòkò aṣáà. Ti Sànúsí, ọkọ Àjọkẹ́ tó ti kú ni, ẹni tó ń fárùngbọ̀n fáwọn awakọ̀ ní Upper Iweka nígbà ayé rẹ̀.

Ojú Adégbìtẹ́ là. Ó ti gbọ́ pé Tíṣà Okwudili, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń gbé ní GRA, máa ń ra irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lówó gọbọi.

"Ìyá Ràhmán, kí lẹ ń fi irin ìpẹtà yìí ṣe?"

"Ti bàbá Ràhmán ni, Bọ̀dá. Ọkàn mi ò gbà kí n jù ú nù."

"Ọkàn yín! Tó bá gé ọmọ lọ́wọ́ ńkọ́? Ṣé bàbá Ràhmán ń padà bọ̀ wá fárùngbọ̀n ni? Ẹ mú un wá, kí n bá yín jù ú sí gọ́tà. Nítorí Ọlọ́run, mo fi mílíìkì méjì ta yín lọ́rẹ."

Àjọkẹ́ ro ọ̀rọ̀ náà sọ́tùn-ún sósì, ó gbé abẹ náà kalẹ̀, ó yíjú kúrò. Aláàánú wa bá tẹ̀ wọ abẹ́ káńtà, ó ṣa agolo méjì tí ẹ̀gbẹ́ wọn ti tẹ̀, tí wọ́n ti wà níbẹ̀ tipẹ́tipẹ́, ó dì wọ́n sínú láílọ́ọ̀nù dúdú.

Ó fi ọṣẹ ìfọyín bó abẹ náà títí tó fi ń kọ mànà. Ó rí i pé ẹnu rẹ̀ ní eyín ṣẹ́ẹ́ṣẹ́ẹ́ bíi ti ìyarun. Ó fa orí rẹ̀, kò ṣí. Ó yí i, kò yí. Ó wá parí èrò sí i pé eyín yẹn gan-an ni ojú abẹ. Abẹ tó hu eyín fúnra rẹ̀! Abẹ tí kì í jẹ bíléèdì! Ó fẹ́ dán an wò, ṣùgbọ́n ẹ̀rù àpá bà á. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ wo ni wọ́n fẹ́ fi dánǹkan wò? Èyí tí wọ́n ń kì yìí?

Ó dé GRA, ó fi Píjìn pìtàn bí òyìnbó ọlọ́kọ̀ ojú omi kan lódò Ọya ṣe fi abẹ náà ta bàbá bàbá òun lọ́rẹ.

"E no dey use blade at all," ló wí. "Na the teeth dey barb. Every morning for twenty years, na am I dey use."

Tíṣà Okwudili yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún gbé e wọ̀. "No blade?"

"At all!"

"Good. No shave till Saturday. Then use am make I see, for Dáúdà shop. I go pay there."

Adégbìtẹ́ ń fò lọ sílé. Nínú ọkàn rẹ̀, ó ti ra jẹnẹrétọ̀, ó ti lẹ táìlì mọ́ iwájú ṣọ́ọ̀bù, ó tiẹ̀ ti ra dígí kẹrin. Ẹ̀rù àpá? Owó ti lé e lọ.

Nígbà tó máa fi di ọjọ́ Sátidé, irùngbọ̀n ti bo dígí. Èèyàn méje ló tò sórí bẹ́ǹṣì Dáúdà. Adégbìtẹ́ jókòó sórí àga, ó kun ọṣẹ títí tó fi jọ àgbò funfun, ó gbé abẹ sókè kí gbogbo ayé rí i, ó dijú, ó fà á.

Ọṣẹ ṣí sílẹ̀ gbòòrò.

"Ẹ rí i!" ló pariwo, ojú rẹ̀ ṣì wà ní dídì.

Dáúdà bẹ̀rẹ̀ wò ó. "Bọ̀dá, ọṣẹ ti lọ o. Irùngbọ̀n ò tẹ̀ lé e."

Ó tún fà á. Ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ra. Ó fà á lẹ́rẹ̀kẹ́ òsì, ó fà á lábẹ́ àgbọ̀n. Irùngbọ̀n náà kàn ń dọ̀bálẹ̀ sápá kan ni.

"Ewoo!" obìnrin kan pariwo láti orí bẹ́ǹṣì. "E don comb am!"

Tíṣà ò rẹ́rìn-ín. "Open am. Dem write the year for inside."

"E no dey open, sir. Na so dem born am."

Ẹnu èyí ni wọ́n wà tí Àjọkẹ́ fi wọlé, tó na láílọ́ọ̀nù dúdú jìnnà sí ara. "Bọ̀dá, wọ́n ní ibí lẹ wà. Mílíìkì yín ti wú, ó fẹ́ bẹ́ mọ́ wa nílé." Ojú rẹ̀ bọ́ sára abẹ. "Háà! Ṣé gọ́tà nìyí?"

Adégbìtẹ́ tẹ orí sọ́dọ̀ rẹ̀, ọṣẹ ń kán sí i láyà. "Ìyá Ràhmán, ẹ rọra. Bàbá yìí ò gbọ́ Yorùbá. Ẹ jẹ́ kó sanwó tán, màá fún yín ní mílíìkì mẹ́ta. Mẹ́ta tó dáa!"

"Ọ̀gbẹ́ni," Tíṣà Okwudili wí, Yorùbá náà ń dán ju abẹ lọ, "ọdún mọ́kànlá ni mo fi kọ́ ọmọ níwèé n'Íbàdàn. Kí ló ṣe méjì àkọ́kọ́ tí kò dáa?"

Dáúdà pa kílípà kó lè gbọ́ ìdáhùn.

Àjọkẹ́ gba abẹ. Ó fi àtàǹpàkò ti ìdérí rẹ̀ lẹ́yìn, ó ṣí, káú! Nínú rẹ̀ ni ọdún tí wọ́n ṣe é wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilà mẹ́ta tí Sànúsí fi ìṣó fà ṣe àmì tirẹ̀. Ó wá yọ bíléèdì kan láti inú agolo abẹ́rẹ́ rẹ̀: ojú kan mú, ojú kejì jẹ́ irin tó nípọn.

"Èmi ni mo yọ ọ́. Mo fi ń tú ojú rírán, nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ kì í géèyàn lọ́wọ́."

Ó ti bíléèdì náà bọ inú orí abẹ, ẹ̀yìn sẹ́yìn, ojú sí eyín, ó pa á dé. Dáúdà gbà á, ó tẹ́ orí abẹ náà pẹlẹbẹ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ Adégbìtẹ́, ó dà á díẹ̀, kò tẹ̀ ẹ́ rárá. Ṣììrì! Ọ̀nà kan ṣoṣo là, ó fẹ̀ tó ìka méjì, ó ń dán gbinrin láti etí dé àgbọ̀n.

"Abẹ gidi ni," Tíṣà wí. "Ìyá Ràhmán, èló lẹ máa tà á?"

"Mi ò tà á, Tíṣà. Ràhmán ti ń hu irùngbọ̀n."

Ó gba abẹ lọ́wọ́ Dáúdà, ó nù ún, ó gbé e sínú agolo rẹ̀, ó wá gbé mílíìkì méjì tó wú náà lé Adégbìtẹ́ lẹ́sẹ̀.

"Dáúdà, fá ìyókù!" Ẹ̀rẹ̀kẹ́-Dígí ń bẹ̀bẹ̀.

"Ẹ dìde níbẹ̀, Bọ̀dá. Èèyàn méje ló wà níwájú yín. Kì í ṣe Ọjọ́bọ̀ lónìí, kò sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn."

Ó lọ jókòó sí ìdí bẹ́ǹṣì, ó gbé mílíìkì rẹ̀ dání. Dígí kan péré ni Dáúdà ní, ṣùgbọ́n ó fẹ̀, ó sì kọjú sí títì. Gbogbo ẹni tó ń kọjá ló ń dúró wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà nínú rẹ̀.