Ilẹ̀ Tí Dókítà Ikúbọlájẹ́ Pè Ní Òkú

Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni Dókítà Ikúbọlájẹ́.

Ẹ má pè é ní Bàbá Tósìn o. Ẹ má pè é ní Ọ̀gbẹ́ni. Dókítà ni! Ó kọ ọ́ sára géètì ilé rẹ̀ ní Bódìjà, ó kọ ọ́ sára mọ́tò, ó kù díẹ̀ kó kọ ọ́ sára ajá. A-wọ-kóòtù-lọ́sàn-án-gangan! A-sọ̀rọ̀-gùn-bí-okùn-kànga, tí kò fa omi jáde!

Ẹ̀rọ kan ló gbé ti òkè òkun bọ̀.

"Inú ilẹ̀ kún fún ẹ̀dá tójú ò rí," ló máa ń wí. "Agbára tó wà lára wọn ni ẹ̀rọ mi ń wọ̀n. Mo ní ìyẹ̀fun tí wọ́n fi ìdí tannátanná ṣe. Bí wọ́n bá lágbára, á tàn yòò. Àwọn náà ló ń mú kí ààtàn gbóná!"

Òótọ́ ni. Èyí tí kì í sọ ni pé inú òtútù ni ìyẹ̀fun náà gbọ́dọ̀ máa wà. NẸ́PÀ sì ti múná lọ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Láàárọ̀ Sátidé ó ṣí firíìjì, ìyẹ̀fun ti di ẹ̀kọ. Ó mọ̀ pé kò lè tàn mọ́. Inú rẹ̀ dùn.

Ìjọ Onítẹ̀bọmi kan ló nílẹ̀ ní Apẹ̀tẹ̀. Opó kan, Adétóun, ń gbin ẹ̀fọ́ síbẹ̀, ó fi ń bọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Dókítà fẹ́ kọ́ ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò máa háyà síbẹ̀. Àwọn àgbà ìjọ ní bí ilẹ̀ bá ṣì yè, kí opó máa roko. Bó bá ti kú, kí Dókítà gbà á. Ta ni yóò wá sọ bóyá ó kú? Dókítà kan náà. Wọ́n fi ewúrẹ́ ṣọ́ èlùbọ́.

Ìjọ pé sórí ilẹ̀ náà lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Dókítà bu yẹ̀pẹ̀, ó pò ó mọ́ ìyẹ̀fun rẹ̀, ó rọ ọ́ sínú ẹ̀rọ. Òdo.

"Págà! Ẹ̀mí ti bọ́ lára ilẹ̀ yìí." Ó fi áńkáṣíìfù nu ojú tó gbẹ.

"Sà, ẹ̀fọ́ tí mo já lórí ẹ̀ láàárọ̀ yìí ńkọ́?" ni Adétóun wí.

"Màdáámù, ẹ̀fọ́ kì í ṣe sáyẹ́ǹsì."

"Ó dáa, sà. Ẹ bá mi wọn ààtàn mi náà."

Ìgbẹ́ adìẹ àti koríko ló kó jọ, èéfín ń rú lórí rẹ̀ tùù. Ọlọ́gbọ́n ì bá ti rántí pé òun gbé ìkòkò sórí iná nílé.

"Ẹ̀rọ mi kì í purọ́," ni Dókítà wí. Ó wọ̀n ọ́n. Òdo. "Òun náà ti kú."

"Òkú kì í báni jà. Ẹ tọwọ́ bọ̀ ọ́, sà."

Gbogbo ojú wà lára rẹ̀. Ó ká apá kóòtù, ó ti ọwọ́ bọ ààtàn dé ìgbọ̀nwọ́.

"Yéè! Ó jó mi o!"

"Ta ló ń dáná lábẹ́ ẹ̀, Dókítà?" ni Pásítọ̀ Akíndúró bi í. "Àbí àwọn ẹ̀dá tójú ò rí yẹn ni?"

Àánú ọkọ ṣe Ọlájùmọ̀kẹ́ ìyàwó rẹ̀. Ó lọgun láti ẹ̀yìn:

"Bàbá Tósìn, ṣé kì í ṣe ìyẹ̀fun inú firíìjì yẹn lẹ lò? Ó ti ń rùn! Mo ní kí n dà á nù, ẹ ní ẹ máa lò ó lónìí!"

Ẹ̀rín bú.

"Ìyẹ̀fun ló kú!"

"Dókítà, ìgbà wo ni ìsìnkú?"

Pásítọ̀ ò rẹ́rìn-ín. Ó gbé ọkọ́ lé Adétóun lọ́wọ́ lójú gbogbo wọn. "Màmá, ẹ máa roko yín lọ."

Kò sẹ́ni tó bá Dókítà gbé ẹ̀rọ dé ìdí mọ́tò.

Èbà ló jẹ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ṣíbí ló fi jẹ ẹ́, nítorí ọwọ́ ọ̀tún ṣì ń rùn. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tí ìyàwó rẹ̀ rà bọ̀ lọ́wọ́ Adétóun ló fi jẹ ẹ́. Ó ní kí wọ́n bù sí i.