Ọ̀rọ̀ Agbára Nínú Àgbàrá

Wọ́n ti gbá gbọ̀ngàn ilé ìwòsàn mọ́ tónítóní fún ìpàdé ọjọ́ náà. Mátírọ́nù, ọ̀gá àwọn agbẹ̀bí, dé pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tó ti ń há sórí láti ilé. Ó wo orí pèpéle: àga mẹ́fà, orúkọ ọkùnrin mẹ́fà. Alága ìgbìmọ̀ ilé ìwòsàn wà níbẹ̀, ó ń tún táì ọrùn rẹ̀ ṣe.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ẹ ní kí n wá. Àga tèmi dà?"

"Ìyá wa, ẹ̀yin kọ́ lẹ nilé? Ta ló ń wá àga fún onílé?"

"Onílé náà ní orúnkún, sà."

"Ẹ ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ẹ ó di òdòdó mú. Wọ́n ní obìnrin gbọ́dọ̀ hàn nínú fọ́tò."

Ó ki òdòdó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Mátírọ́nù wá rí i pé wọn ò ní jẹ́ kí òun sọ ọ̀rọ̀ tí òun há sórí.

"Kí tiẹ̀ lẹ fẹ́ sọ lónìí, sà?"

"Agbára fún obìnrin nínú ètò ìlera àgbáyé."

"Ẹ ṣeun o. Àgbàrá yẹn ti dà wá láàmú. Bí òjò bá ti ṣú, a ti mọ̀ pé inú omi la ó ti gbẹ̀bí."

"Agbára ni mo pè, n ò pe àgbàrá."

"Ẹ kọ́kọ́ bá wa gbọ́n àgbàrá jáde, sà, kí agbára lè ríbi wọlé. Òrùlé yàrá ìgbẹ̀bí ti lu."

"Ọ̀rọ̀ ayé là ń sọ, ẹ̀yin ń sọ ti òrùlé."

"Àwọn ọmọ tí à ń gbẹ̀bí lábẹ́ rẹ̀, ibo ni wọ́n ń wá, bí kì í bá ṣe ayé?"

Alága wúkọ́. Mátírọ́nù yọ ìbọ̀wọ́ kan nínú àpò, ó kì í bọ ọwọ́. Orí ìka rẹ̀ rọ̀ jọwọlọ.

"Èyí tí ẹ rà fún wa nìyí. Ìwọ̀n ọwọ́ ọkùnrin ni. Lánàá, díẹ̀ ló kù kí ọmọ yọ̀ bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́."

"Bóyá ọwọ́ yín ló kéré."

"Òun náà ló gba àbíkẹ́yìn yín, sà. Ẹ ò sọ pé ó kéré lọ́jọ́ náà."

Alága yíjú sí ìsàlẹ̀ gbọ̀ngàn. Àga òfìfo ló rí.

"Àwọn nọ́ọ̀sì dà? Ta ló fẹ́ gbọ́rọ̀ wa?"

"Ẹ̀yin lẹ pàṣẹ láàárọ̀ pé obìnrin kankan ò gbọdọ̀ kúrò lẹ́nu iṣẹ́, kí àlejò má baà rí wa bí ọ̀lẹ."

Ẹnìkan pe Mátírọ́nù láti yàrá ìgbẹ̀bí. Ó dá òdòdó padà sọ́wọ́ Alága, ó kọrí sí ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ má lọ, Mátírọ́nù. Ìpàdé obìnrin rèé, bí ẹ bá jáde, kò ní sí obìnrin kankan níbẹ̀ mọ́."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, sà. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lọ́jọ́ tí ẹ jókòó ṣètò rẹ̀, kò sì dí yín lọ́wọ́."