Obì, Orógbó àti Oyin Tí Mo Gbé Lọ Bẹ Bàbá Rámọ́tà

Ọjọ́ Àìkú kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi títí wọn ó fi sin mí. Títí dòní, bí mo bá rí ìgò oyin, ẹ̀rín á kọ́kọ́ pa mí, ojú á sì wá tì mí.

Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó ni mò ń gbé nígbà náà. Mo wà nínú ẹgbẹ́ kan ládùúgbò tó ń yan alábàárò fún àwọn ọ̀dọ́: àgbà kan, ọ̀dọ́ kan, a kì í gba kọ́bọ̀. Àǹtí Dúpẹ́, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, ni olórí wa. Ní gbogbo Sátidé ló máa ń kìlọ̀ fún àwa alábàárò pé, "Bí ọ̀rọ̀ bá ti wọ inú ilé ọmọ, ẹ wá bá mi ná. Ẹ má dá a gbé." Èmi a sì máa mi orí. Orí tí mò ń mì yẹn, nǹkan kan ò sí nínú ẹ̀.

Rámọ́tà ni wọ́n fún mi, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, tó fẹ́ràn ìwé ju oúnjẹ lọ. Lọ́jọ́ kan ó wá jókòó tì mí. Ó bú sẹ́kún. Bàbá rẹ̀ ní kó fi ilé-ìwé sílẹ̀, kó lọ máa bá àǹtí rẹ̀ tajà ní ṣọ́ọ̀bù, bẹ́ẹ̀ ọ̀sẹ̀ méjì péré ló kù kí wọ́n parí gbígba orúkọ àwọn tó máa ṣèdánwò àṣejáde.

Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Àǹtí Dúpẹ́ kẹ̀? Kí ni mo fẹ́ lọ bá a fún? Èmi ọlọ́gbọ́n!

Mo ṣáà ti gbọ́ pé wọn kì í lọ bẹ àgbà lọ́wọ́ òfo, ṣùgbọ́n ọmọ Èkó ni mí, mi ò mọ ohun tí wọ́n ń gbé lọ. Mo sọ fún ìyá olóbì pé mo fẹ́ lọ bẹ bàbá ọmọbìnrin kan. Ìyá náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ó ti yé mi." Ó kó obì, orógbó, ataare àti ìgò oyin sínú abọ́ fún mi. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, àpọ́n ọmọ ọdún márùndínlógójì, ló bá mi gbé e. Ó wọ funfun, ó dé fìlà. Ta ló rán an?

Nígbà tá a délé wọn lọ́jọ́ Àìkú yẹn, bàbá Rámọ́tà wo abọ́, ó wo ẹ̀gbọ́n mi látòkè délẹ̀.

Mo ní, "Nítorí Rámọ́tà la ṣe wá, sà."

"Mo ti rí i," ni bàbá wí. Ó ní kí wọ́n lọ pe ẹ̀gbọ́n òun wá, kí wọ́n ṣí míńírà fún wa. Inú mi dùn. Mo rò pé ẹ̀bẹ̀ ti wọlé.

Bàbá bi ẹ̀gbọ́n mi pé, "Iṣẹ́ wo lẹ̀ ń ṣe?"

"Akọ̀wé ni mí ní Èbúté Mẹ́ta, sà."

"Ẹ máa ń mutí?"

"Rárá o, sà!"

Ẹ̀gbọ́n bàbá dé, ó pa obì, gbogbo wa jẹ ẹ́. Ó wá bẹ̀rẹ̀ àdúrà: "Ẹ ó dàgbà, ẹ ó dogbó. Ẹ̀yìn ìyàwó ò ní mẹní." Ẹ̀gbọ́n mi ké "Àmín!" tí ilé fi mì. Ìyàwó wo? Obì há mi lọ́fun.

Bàbá ké sínú ilé pé, "Rámọ́tà, wá kí ọkọ rẹ!"

Ọmọ náà jáde, kò wo ẹ̀gbọ́n mi rárá. Èmi ló wò. "Àǹtí, ṣé ohun tí mo bá yín sọ nìyí?" Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí dé egungun. Nígbà tí mo wá ń ṣàlàyé, bàbá dìde: "Ẹ wá fi ọmọ mi ṣe yẹ̀yẹ́ ni?" A sá jáde. Bàtà ẹ̀gbọ́n mi kan ṣì wà lọ́hùn-ún. Nígbà tá a dé títì, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ní, "Àbúrò, ṣé wọ́n kọ̀ mí ni?"

Lọ́jọ́ kejì, mo fi ìtìjú lọ bá Àǹtí Dúpẹ́. Ó rẹ́rìn-ín títí ìgò ojú rẹ̀ fi bọ́. Lẹ́yìn náà ló fà mí mọ́ra, torí mo ti ń sunkún. "Ṣé o bi ọmọ náà bóyá ó fẹ́ kó o lọ?" Mi ò bi í.

A lọ bá Rámọ́tà lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìwé, mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun fúnra òun lòun fẹ́ bá bàbá òun sọ̀rọ̀, kí àwa ṣáà jókòó ti òun. A bá a délé, a jókòó tì í. Ó sọ gbogbo rẹ̀ tán. Bàbá ní, "O ò sọ fún mi rí pé o fẹ́ ẹ tó báyìí." Ó fọwọ́ sí ìwé ìforúkọsílẹ̀ ìdánwò náà. Ó wá kọjú sí mi: "Obì yín o, a ti jẹ ẹ́. Oyin ńkọ́? Ìyá ẹ̀ ti fi mu ẹ̀kọ."

Mo ti wá mọ̀ pé ẹni tó ń ti ọmọ lẹ́yìn, òun náà nílò ẹ̀yìn tó máa fara tì. Rámọ́tà ti di tíṣà báyìí. Bó bá rí ẹ̀gbọ́n mi, á kúnlẹ̀, á ní, "Ẹ káàsán o, ọkọ mi." Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi á bú sẹ́rìn-ín, èmi á sì sáré wá nǹkan ṣe ní kíṣìnnì.