Ọkọ̀ Eré Sùrájù Onípákó

Ẹjọ́ kan wọ ààfin Ọlọ́jà lánàá, ọjọ́ Àìkú, àwọn ìjòyè tó ti dìde pé àwọn ń lọ sílé tún fi ìdí balẹ̀. Sùrájù tó ń ta pákó ní Japara, Ìjẹ̀bú-Igbó, ló ń jẹ́jọ́. Hasanat ìyàwó rẹ̀, tó ń kọ́ ọmọ níwèé ní Agọ́-Ìwòyè, ló pè é.

Sùrájù dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò sí nílẹ̀ tí àyà rẹ̀ wà. Ọkàn rẹ̀ wà lára ọkọ̀ pupa kan, pẹlẹbẹ bí pákó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là, tó ń bú ramúramù bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. Bí ẹjọ́ yìí bá bọ́ sí i lọ́wọ́, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ á wà lápò rẹ̀ lọ́la. Bí ẹjọ́ bá yí sódì, inú fóònù ni yóò ti máa wò ó títí ayé.

"Hasanat, kí ni ọkọ rẹ ṣe?" Ọlọ́jà bèèrè.

"Kábíyèsí, kí adé pẹ́ lórí. Ọkọ̀ la fẹ́ rà. Ọkọ̀ eré. Mo ní kó jẹ́ tíà rọ́bà, tuntun tí ọ̀rá ṣì wà lára àga rẹ̀. Ó ní rárá, tòkunbọ̀ lòun fẹ́, àlòkù òyìnbó. Kábíyèsí, àga tí ẹlòmíràn ti jókòó sí, ta ló mọ irú ìdí tó jókòó níbẹ̀?"

Òtúnba Ẹnìtàn, àgbà ìjòyè tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi nídìí obì, mi orí.

"Ọ̀rọ̀ gidi ni. Ìdí ju ìdí lọ."

"Sùrájù, o gbọ́. Kí lo rí wí?"

"Kábíyèsí, kí ẹ̀mí yín gùn. Ọkọ̀ tuntun kò mọ ọ̀nà."

"Kò mọ kí ni?"

"Ọ̀nà, Kábíyèsí. Ọmọ tuntun ni. Ẹ gbé e dé kòtò àkọ́kọ́ lójú ọ̀nà Agọ́, ẹkún ni yóò máa sun. Ṣùgbọ́n tòkunbọ̀ ti rí ayé. Ó ti rí yìnyín, ó ti rí ọlọ́pàá òyìnbó. Èyí tó la òkun já, kòtò Ìjẹ̀bú-Igbó wo ló fẹ́ bà á lẹ́rù?"

"Inú ọkọ̀ ojú omi ló jókòó sí tó fi la òkun já," Hasanat já lù ú. "Ṣé ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi rìn ín ni?"

"Ṣé ẹsẹ̀ ni Màámi Àlhájà fi rìn dé Mẹ́kà? Ṣebí inú ọkọ̀ òfuurufú làwọn náà jókòó sí. Àbí kí a má pè wọ́n ní Àlhájà mọ́?"

"Ó gbà á lẹ́nu rẹ̀!" Òtúnba kígbe. "Ẹjọ́ ti tán. Tòkunbọ̀ ló jàre."

Inú Sùrájù dùn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ ìró kọ́kọ́rọ́ náà lápò. Ṣùgbọ́n Ọlọ́jà yọ awò ojú rẹ̀, ó ń fi etí agbádá nù ún díẹ̀díẹ̀, àwọn tó mọ̀ ọ́n sì mọ̀ pé bó bá ti ń nu awò, ọ̀rọ̀ ò tíì bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ dúró ná. Èèyàn mélòó ni ọkọ̀ yìí ń gbà?"

Láti òwúrọ̀, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ohùn tọkọtaya náà ṣọ̀kan:

"Méjì."

"Ọmọ mélòó lẹ bí?"

Sùrájù wo ilẹ̀. Hasanat wo òrùlé.

"Mẹ́rin, Kábíyèsí," Sùrájù ní.

Ọlọ́jà kọjú sí Hasanat.

"Hasanat, ìwọ ìyá wọn, o mọ èyí, ìjà tuntun àti àlòkù lo wá bá mi jà?"

"Kábíyèsí, ẹ má bínú sí mi. Ẹ̀gbẹ́ dẹ́rẹ́bà ni mo máa ń jókòó sí láti ìgbà tí mo ti bímọ, kò sì sí ọjọ́ kan tí n kì í gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn: 'Mọ́mì, ó fọwọ́ kàn mí! Mọ́mì, ó ń wo ìta láti ojú fèrèsé mi!' Ìta, Kábíyèsí! Ìta tí Ọlọ́run dá fún gbogbo ayé! Ọkọ̀ tí kò lẹ́yìn rárá ni mo fẹ́. Bí kò bá lẹ́yìn, ariwo ò ní ti ẹ̀yìn wá."

Àwọn ìyá tó wá wòran pàtẹ́wọ́ fún un. Ọ̀kan tiẹ̀ nu ojú.

"Báwo làwọn ọmọ á ṣe wá dé ilé-ìwé?"

Ìbéèrè tí Sùrájù ti ń dúró dè nìyí. Ó ti rò ó nídìí ẹ̀rọ ìlagi, ó ti rò ó lórí oúnjẹ, ó ti rò ó lórí ìrun, Ọlọ́run kó dárí jì í.

"Mo ti ṣètò rẹ̀, Kábíyèsí. Àga kan ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ọmọ kan, ọjọ́ kan. Haneefah ló ni ọjọ́ Ajé, Táyé ló ni Ìṣẹ́gun, Hafeez ló ni Ọjọ́rú, Kẹ́hìndé ló ni Ọjọ́bọ̀. Ẹni tó bá lọ, á kọ́ àwọn tó kù níwèé nígbà tó bá délé. Ìyá wọn á wọ ọ̀kadà."

"Èmi tí mo fẹ́ ra tuntun!" Hasanat pariwo.

"Hafeez ló ni Ọjọ́rú?" Òtúnba bèèrè. "Ẹ ò rí i pé ìwé á rú u lójú!"

"Jímọ̀ ńkọ́?" Ọlọ́jà bi í.

"Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n sọ ọ́, Kábíyèsí. Mo jẹ́ kó tì."

"Kò lè ṣeé ṣe," Hasanat ní. "Ìbejì làwọn méjì yẹn. Táyé ò ní gbé ẹsẹ̀ sọ́kọ̀ láìsí Kẹ́hìndé. Bẹ́ẹ̀ ni Haneefah àti Hafeez ò ṣeé fi sílẹ̀ pọ̀ níbi tí kò bá sí àgbà. Wọ́n á fọ́ tẹlifíṣọ̀n."

"Kí n máa gbé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan láàárọ̀ kan náà nígbà náà," ni Sùrájù sọ, ojú rẹ̀ ń tàn. "Bí àlọ́ ẹkùn, ewúrẹ́ àti iṣu létí odò ni. Àwọn ọlọ́kọ̀ Ìwópin ń ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ lórí omi. Ẹ bá mi gbé obì kan wá kí n fi hàn yín."

Wọ́n la obì àbàtà olójú mẹ́rin. Sùrájù tẹ́ awẹ́ rẹ̀ sórí ẹní, ó gbé ife omi Òtúnba sí ọ̀kánkán.

"Ibí ni Àtíkòrí, ilé wa. Ife yìí ni ilé-ìwé. Mo gbé Hafeez lọ. Mo jù ú sílẹ̀. Mo padà. Mo gbé Táyé..."

"Táyé ní òun ò lọ láìsí Kẹ́hìndé," Hasanat ní.

"Ó dáa. Mo gbé Haneefah lọ."

"Hafeez ti wà níbẹ̀. Ìjà ti bẹ̀rẹ̀."

"Ẹ jẹ́ kí n gbé Haneefah padà sílé, kí n wá..."

"Ọmọ tó ti dé ilé-ìwé?"

Gbogbo ìjòyè ti rọ̀ mọ́ ẹní. Ọ̀kan ní kí Táyé ṣáájú, kí wọ́n fi súìtì tàn án. Èkejì ní kí wọ́n di àwọn ìbejì mọ́ òrùlé ọkọ̀ bí àpò gàrí. Sùrájù gbé Haneefah padà, ó gbé Kẹ́hìndé lọ, ó gbé Kẹ́hìndé padà, òógùn bò ó. Ó nawọ́ sídìí ife láti mú Hafeez. Ọwọ́ rẹ̀ kan ẹní lásán.

"Hafeez dà?"

Òtúnba Ẹnìtàn dédé ṣíwọ́ ẹnu jíjẹ.

"Òtúnba!" Ohùn Sùrájù hàn gooro bí ayùn tó kan ìṣó. "Ẹ ti jẹ Hafeez! Kábíyèsí, wọ́n ti jẹ ọmọ mi!"

"Mo rò pé wọn ò fẹ́ ẹ mọ́ ni," Òtúnba ṣàlàyé tìtìjútìtìjú. "Ó ti pẹ́ tó ti dá wà létí ife níbẹ̀. Mi ò rí ẹni tó ń bọ̀ wá gbé e."

"Ẹ tu ọmọ mi jáde!"

Ẹ̀rín pa ààfin. Ọlọ́jà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ojú Sùrájù ló ń wò. Sùrájù alára kò mọ ohun tó ṣe òun. Obì ni, ó mọ̀ pé obì ni. Ṣùgbọ́n ó ti rí Hafeez létí ọ̀nà Agọ́, pẹ̀lú báàgì tó tóbi jù ú lọ lẹ́yìn, tí oòrùn ń wọ̀, tí kò rí ẹni tó ń bọ̀ wá gbé e.

"Ẹ pe ẹni tó fẹ́ ta ọkọ̀," ni Ọlọ́jà wí.

Jedidiah, ọmọkùnrin tó ń ta ọkọ̀ ní Agọ́-Ìwòyè, wọlé. Lọ́fínńdà ara rẹ̀ ti kí Kábíyèsí kí òun fúnra rẹ̀ tó dọ̀bálẹ̀.

"Jedidiah, ọkọ̀ tuntun tí o fẹ́ tà fún Hasanat, níbo ló wà?"

"Mo wà á wá, Kábíyèsí. Ó wà níta, lábẹ́ igi máńgòrò."

"Àlòkù tí o fẹ́ tà fún Sùrájù ńkọ́?"

Jedidiah wúkọ́.

"Ó wà níta, Kábíyèsí. Lábẹ́ igi máńgòrò."

Ọlọ́jà rán ẹmẹ̀wà kan lọ wò ó. Ẹmẹ̀wà padà.

"Kábíyèsí, ọkọ̀ kan ṣoṣo ni mo rí. Ó pupa."

Tọkọtaya fò dìde.

"Jedidiah! O ní ó ti rin gbogbo ìlú òyìnbó já!"

"O sọ fún mi pé táyà rẹ̀ ò tíì kan ilẹ̀!"

"Ẹ̀yin àgbà, ẹ gbọ́ tèmi," Jedidiah bẹ̀bẹ̀. "Ọkọ ń fẹ́ àlòkù, ìyàwó ń fẹ́ tuntun. Èmi ò fẹ́ tú ilé onílé ká. Òótọ́ sì ni mo sọ fún àwọn méjèèjì. Lójú ẹni tí kò gùn ún rí, tuntun ni. Lójú ẹni tó ti gùn ún, àlòkù ni."

"Lójú tìẹ ńkọ́?"

"Lójú tèmi, ó ti tà, Kábíyèsí. Ọ̀la ni mo fẹ́ wá gba Ìyá Àgbà lọ́wọ́ wọn, kí wọ́n fi dí lára owó ọkọ̀."

Òtúnba fò sókè.

"Ìyá Àgbà ta ni? Sùrájù, o fẹ́ fi ìyá arúgbó ra ọkọ̀?"

"Ọkọ̀ wa àtijọ́ ni, Bàbá."

Ohùn kékeré kan ló dáhùn láti ẹnu ọ̀nà. Haneefah ni, ọmọ ọdún méjìlá, àkọ́bí Sùrájù, àwọn àbúrò rẹ̀ mẹ́ta tò sẹ́yìn rẹ̀. Àwọn obìnrin kúnlẹ̀, àwọn ọkùnrin dọ̀bálẹ̀.

"Àwa la sọ ọ́ ní Ìyá Àgbà," Haneefah ní. "Ó máa ń wúkọ́ kó tó dìde, ó sì máa ń gba gbogbo wa mọ́ra."

Sùrájù kò lè gbé ojú sókè.

"Ọmọ mi, ṣé bàbá yín sọ fún yín pé àwọn fẹ́ ra òmíràn?" Ọlọ́jà bi í.

"Wọ́n sọ, Kábíyèsí. Wọ́n ní ọkọ̀ eré. Inú wa dùn gan-an. Hafeez tiẹ̀ ti fi páálí ṣe gáréèjì fún un."

"Páálí? Níbo?"

"Lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wa, Kábíyèsí," Hafeez dáhùn fúnra rẹ̀. "Kó lè ráyè sùn. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló jẹ mí? Mo gbọ́ ọ níta."

Òtúnba yí ojú sí ògiri. Ọlọ́jà gbé awò rẹ̀ padà sójú.

"Sùrájù, eré wo lo ní lọ́kàn? Eré sísá ni àbí eré ṣíṣe?"

"Eré sísá ni, Kábíyèsí."

"Ta lò ń sá fún?"

Sùrájù wo àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lórí ìkúnlẹ̀ àti ìdọ̀bálẹ̀.

"Ẹ gbọ́ ìdájọ́ o," Ọlọ́jà ní. "Ìyá Àgbà kò lọ sí ibì kankan. Jedidiah, lọ gbé tuntun-àlòkù rẹ kúrò lábẹ́ máńgòrò mi kí èso tó já lé e, kó má di oríṣi kẹta, àfọ́kù. Sùrájù, ọkọ̀ eré lo ṣèlérí fún àwọn ọmọ yìí, ọkọ̀ eré ni wàá rà kí ilẹ̀ òní tó ṣú. Kó pupa. Kó wọ gáréèjì Hafeez. Hasanat ní tuntun lòun fẹ́, nínú ọ̀rá rẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti yọ ọ́. Ìwọ ní àlòkù lo fẹ́, àwọn ọmọ rẹ ni yóò kọ́kọ́ lò ó, bí ìwọ fúnra rẹ ṣe tò wọ́n. Haneefah ló ni Ajé, Táyé ló ni Ìṣẹ́gun, Hafeez ló ni Ọjọ́rú, Kẹ́hìndé ló ni Ọjọ́bọ̀. Ìwọ ló ni ọjọ́ Ẹtì. Kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ, ó ti rí ayé."

"Kábíyèsí ṣeun, ọba tó gbọ́n!" Hasanat bẹ̀rẹ̀ sí í yìn ín.

"Má tíì yìn mí. Ìwọ lo ní o fẹ́ ọkọ̀ tí kò lẹ́yìn. Láti ọ̀la, ẹ̀yìn Ìyá Àgbà ni wàá máa jókòó sí, nídìí fèrèsé, Hafeez lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ. Haneefah ni yóò máa jókòó níwájú. Òtúnba, tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ tí o jẹ."

Ní òwúrọ̀ yìí, Sùrájù ló kọ́kọ́ jí ní ilé. Ó lóṣòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gbé ojúlówó pákó kan tó ti fá dáadáa lé bíríkì, ọkọ̀ pupa kékeré náà sì ń sáré bọ̀ láti òkè wá sílẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ló fi ń bú ramúramù fún un.

"Dádì," Haneefah ní lẹ́yìn rẹ̀, ó ti wọ aṣọ ilé-ìwé. "Ọjọ́ wo lòní?"

"Ọjọ́ Ajé," Sùrájù kùn.

Haneefah na ọwọ́. Sùrájù gbé ọkọ̀ lé e lọ́wọ́.

"Ẹ ní sùúrù, Dádì. Ọjọ́ Ẹtì yín ń bọ̀, bí kò bá tì."

Sùrájù jókòó sí ìdí ọkọ̀ àtijọ́, ó yí kọ́kọ́rọ́. Ìyá Àgbà wúkọ́, ó tún wúkọ́, ó dìde. Wọn ò tíì yọ lẹ́nu géètì tí ohùn kan fi ta láti ẹ̀yìn, kì í sì í ṣe ohùn ọmọdé.

"Dádì Haneefah! Bá mi sọ fún ọmọ rẹ o! Ó ń wo ìta láti ojú fèrèsé mi!"