Ọjọ́ Tí Mo Fẹ́ Fi Wúrà Sàdáákì Gun Ọ̀kadà

Ọjọ́ kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi, bí mo tilẹ̀ darúgbó tí mo gbàgbé orúkọ ara mi. Ṣùgbọ́n kí n tó sọ ọ́, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ yin àwọn ènìyàn pàtàkì kan láwùjọ wa: àwọn tó ń wọ wúrà tí wọn kò ní gbà láéláé pé ẹ̀ṣọ́ ni. Ẹ kí wọn pé ẹ̀gbà ọrùn yín dára, wọn á rẹ́rìn-ín sí àìmọ̀kan yín, wọn á ní, "Èyí kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ o, ìdókòòwò ni." Lẹ́yìn náà ni wọ́n á rọra tún un tò sórí aṣọ kí oòrùn lè rí i dáadáa. Ọgbọ́n wọn jinlẹ̀. Àwa yòókù ń tọ́jú owó sí báńkì, a ń kó o sórí ewúrẹ́ àti iṣu. Àwọn nìkan ló gbé ọjọ́ iwájú wọn kọ́ ọrùn.

Ètò ọrọ̀ ajé ni mo kọ́ ní yunifásítì, òun náà ni mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní Ìlobù. Nígbà tí wọ́n fẹ́ so yìgì èmi àti Rísìkà, ọmọ Ìfọ́n-Ọ̀ṣun, àáfà béèrè sàdáákì lọ́wọ́ mi, ìyẹn ẹ̀bùn tí ọkọ gbọ́dọ̀ fún ìyàwó kí yìgì tó lè dúró. Owó ni àwọn ẹlòmíràn máa ń gbé kalẹ̀. Èmi fa ṣéènì wúrà yọ. Kò tán síbẹ̀. Mo dìde, mo ṣàlàyé fún gbogbo àwọn àna mi pé owó bébà lè dòfo lọ́jọ́ kan, ṣùgbọ́n wúrà ni owó ọjọ́ ìṣòro. Àáfà dúró dè mí títí mo fi parí. Ìyá Rísìkà, tó ń ta iṣu àti epo pupa, ní, "A dúpẹ́, Tíṣà. Ẹ jókòó kí ìrẹsì má tutù."

Ọjọ́ ìṣòro náà dé lóòótọ́. Ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ owó náírà ni, tí àwọn èèyàn kò rí tuntun gbà, tí ọlọ́jà kò sì fẹ́ gba ti àtijọ́. Rísìkà ti lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Ìfọ́n nítorí oṣù rẹ̀ ti pé. Ní àárọ̀ Sátidé kan, ìyá rẹ̀ pè mí.

"Tíṣà, ó ti ń rọbí o. A ti wà ní ilé ìgbẹ̀bí. Nọ́ọ̀sì ní kí ẹ mú owó ìbọ̀wọ́, òwú àti òògùn wá, owó ọwọ́. Wọn ò gba ti orí fóònù mọ́, èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí wọn lánàá ò tíì dé."

Kò sí kọ́bọ̀ nílé. Àwọn oní-POS àdúgbò ti kó tábìlì wọn wọlé. Ojú mi wá lọ sí àpótí Rísìkà. Ṣéènì rẹ̀ wà nísàlẹ̀ aṣọ, nínú ìbọ̀sẹ̀ kékeré kan tó rà sílẹ̀ de ọmọ. Kí n má purọ́, inú mi dùn. Ẹ̀rù ìrọbí ń bà mí gidi, ṣùgbọ́n apá kan lọ́kàn mi ń sọ pé, "Ṣé ẹ rí i? Mo wí bẹ́ẹ̀." N kò rántí pé bí obìnrin bá ti gba sàdáákì, tirẹ̀ ni, ọkọ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án láì béèrè. Mo tì í bọ àpò, mo jáde.

Ìlobù sí Ìfọ́n kò jìnnà. Ẹni tó gbọ́n á fẹsẹ̀ rìn ín. Ṣùgbọ́n ta ló gbé wúrà sápò tó ń fẹsẹ̀ rìn? Mo dá Làmídì ọlọ́kadà dúró, ẹni tí a jọ mọra láti ọjọ́ pípẹ́.

"Owó ọwọ́ ni o, Tíṣà," ló kọ́kọ́ sọ, kó tó kí mi.

Mo fa ṣéènì yọ. Ó wò ó. "Kí ni kí n fi èyí ṣe?"

"Wúrà ni. A ó gé díẹ̀ fún ọ níbẹ̀. Bó ṣe orí èékánná lásán, ó ju owó ọ̀kadà ọ̀sẹ̀ kan lọ."

"Tí mo bá gbé orí èékánná dé ilé epo, ṣé wọ́n máa ta bẹntiróòlù fún mi?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé bí àwọn ará àtijọ́ ṣe ń gé wúrà ná. Làmídì wojú mi, ó wo oòrùn, ó fa ẹ̀mú yọ lábẹ́ àga ọ̀kadà rẹ̀. Bóyá kí n lè dákẹ́ ló ṣe gbà. Ó fi ẹ̀mú há ṣéènì, ó tẹ̀ ẹ́. Ṣéènì já sí méjì, ẹyọ kékeré tó yẹ kó jẹ́ owó rẹ̀ ta sínú koríko. Àwa méjèèjì kúnlẹ̀ lẹ́bàá títì, à ń tú koríko bí adìẹ. A kò rí i. Làmídì dìde, ó gbọn iyẹ̀pẹ̀ orúnkún rẹ̀ dànù.

"Ẹ gùn ún, Tíṣà. Ìyàwó yín ni mo ń gbé lọ́fẹ̀ẹ́, kì í ṣe ẹ̀yin."

Mo ní kó já mi sílẹ̀ ní ìsọ̀ alágbẹ̀dẹ wúrà kan nítòsí ilé ìgbẹ̀bí. Mo dọ̀bálẹ̀ fún bàbá náà. Ó gbé ṣéènì sórí ìwọ̀n, ó fi òkúta dán an wò, ó mi orí.

"Ojúlówó ni."

Ara mi yá. "Ẹ bá mi rà á, sà. Owó ọwọ́ ni mo ń fẹ́."

Ó wò mí bí ẹni rí wèrè tó múra dáadáa. "Owó ọwọ́? Wúrà wà nínú àpótí mi yìí, láti ìjẹta n ò rí owó ra gáàrí. Ìwọ tó kàwé, sọ ibi tí wọ́n ti ń ná an fún mi."

Bó ṣe ń sọ ọ́ ni ojú rẹ̀ dé ibi tí ṣéènì ti já.

"Ta ló ni ín?"

"Ìyàwó mi ni, sà."

"Níbo ló wà?"

"Ó ń rọbí, sà."

"Ó ń rọbí, o wá já ṣéènì lọ́rùn rẹ̀?"

"Rárá, sà. Ọlọ́kadà ló já a."

Ìgbà tí mo sọ ọ́ tán ni mo gbọ́ bó ṣe dún. Ta ni kò mọ̀ pé orí ọ̀kadà ni àwọn tó ń já ṣéènì gbà ti ń ṣiṣẹ́? Ọkùnrin méjì tó ń ta ayò níwájú ìsọ̀ dìde, wọ́n wá dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo sáré dárúkọ Ìyá Rísìkà.

"Ìyá oníṣu?" ni bàbá wí. "Ó dáa. A jọ ń lọ bá a."

Bàbá mú ṣéènì lọ́wọ́, ọkùnrin kan wà níwájú mi, ọ̀kan wà lẹ́yìn. Gbogbo ẹni tí a bá pàdé ló ń kúnlẹ̀ tàbí dọ̀bálẹ̀ fún bàbá, tí bàbá ń béèrè ilé, tó ń béèrè oko, kí wọ́n tó wá wò mí pé, "Ta nìyí, sà?"

"A ò tíì mọ̀."

Ìdáhùn yẹn dùn mí ju kó pè mí lólè lọ. N kò sì ronú wúrà mọ́. Rísìkà ni mo ń rò, pé ó wà nínú yàrá yẹn láìsí ìbọ̀wọ́, láìsí òwú, nígbà tí ọkọ rẹ̀ ń tò lọ láàárín títì bí ewúrẹ́ tó jẹ̀ sóko olóko.

Ìyá Rísìkà jókòó lórí bẹ́ǹṣì níwájú ilé ìgbẹ̀bí. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Bàbá na ṣéènì sí i, ó bi í bóyá ó mọ̀ mí. Ìyá wo ṣéènì, ó wò mí nílẹ̀.

"Ọkọ ọmọ mi ni. Kì í ṣe olè, sà. Ìwé ló kà."

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o," ni bàbá wí. Títí di òní, n kò mọ ẹni tó ń sọ ọ́ fún nínú àwa méjèèjì. Ó dá ṣéènì padà fún mi, ó lọ.

"Ẹ dìde, Tíṣà," ni Ìyá Rísìkà wí. "A ti yanjú ẹ̀. Nọ́ọ̀sì gan-an ò rówó ra oúnjẹ. Mo ní kí wọ́n gbé iṣu àti kẹ́ẹ̀gì epo kan wá fún un. Ẹni tó ń ta òògùn náà gba iṣu tiẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ obìnrin yìí pé kì í ṣe inú iṣu ni wọ́n ń tọ́jú ọrọ̀ sí, nítorí pé iṣu ń jẹrà. Kò rán mi létí. Bí kò ṣe rán mi létí yẹn ló fẹ́ pa mí lẹ́kún.

Àwa méjèèjì wà níbẹ̀ nígbà tí ọmọ ké. Obìnrin ni.

Nígbà tí wọ́n jẹ́ kí n wọlé, Rísìkà wò mí, ó wo ọwọ́ tí mo dì.

"Kí ló wà lọ́wọ́ yín?"

Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo la ọwọ́. "Sàdáákì rẹ ni. Mo mú un láì bi ọ́. Jọ̀wọ́."

"Ta ló gé e?"

"Làmídì ọlọ́kadà."

Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í pa á. Ó di ikùn mú, ó ní kí n má pa òun lẹ́rìn-ín, ara ń dun òun. Nígbà tó dákẹ́, ó ní, "Tí ẹ bá bi mí, màá ní kí ẹ mú un. Kí ẹ bi mí náà ni."

Wúrà dára o. Ẹni tó bá lè tọ́jú rẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá, kó tọ́jú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìṣòro kì í dúró de oníwọ̀n. Lọ́jọ́ tó bá dé, ohun tí aládùúgbò ẹni lè jẹ ni à ń ná, àti ẹni tó lè dìde sọ pé òun mọ̀ wá. Mo máa ń fi ara mi rẹ́rìn-ín tí mo bá rántí, ẹ̀rín náà kì í sì í dùn tán, nítorí ohun kan kù tí n kò tíì sọ. N kò ra ṣéènì yẹn de ọjọ́ ìṣòro kankan. Mo rà á kí àwọn ará Ìfọ́n lè máa sọ ọ́ nílé wọn pé ọkọ Rísìkà gbé wúrà wá. Ẹ̀ṣọ́ ni. Èmi náà wọ̀ ọ́, ọrùn ìyàwó mi ni mo kàn yá.