Ọjọ́ tí Mo Fi Ẹnu Mi Ju Músíè Gásítọ̀n Sẹ́wọ̀n

Mo ti gbàgbé ọ̀pọ̀ nǹkan láyé mi, àwọn mìíràn sì wà tí ìyàwó mi ò jẹ́ kí n gbàgbé. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan wà tí kò lè tán lọ́kàn mi bí mo tilẹ̀ dàgbà tó igi ìrókò: ọjọ́ tí mo dúró níwájú gbogbo Ṣábẹ̀ẹ́, ìlú wa, tí mo fi ẹnu ara mi ju òyìnbó kan tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni sẹ́wọ̀n.

Ayé ìjọba ológun ni, èyí tí wọ́n ń pè ní Ìyípadà. Ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo ló wà nílẹ̀, "kámárádì" sì ni gbogbo wa ń pe ara wa, àtọ̀gá àtọmọṣẹ́. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ríṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ ṣúgà ni, níbi tí wọ́n ti ń tún ẹ̀rọ ṣe. Nítorí pé mo kàwé díẹ̀ ní kọlẹ́ẹ̀jì, èmi ni wọ́n fi ti Músíè Gásítọ̀n, òyìnbó Kánádà tó wá ń kọ́ wa níṣẹ́. Ọkùnrin náà ga, ó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn ilé ìkẹ́rù, eyín iwájú mẹ́ta ò sì sí lẹ́nu rẹ̀. Kó tó di mẹkaníìsì, eré ìdárayá ló fi ń jẹun: eré tí wọ́n máa ń fi bàtà onírin sá lórí omi dídì, tí wọ́n á máa fi ọ̀pá lé nǹkan pẹlẹbẹ kan kiri kí ó lè wọ àwọ̀n. Ọkẹ́ ni Faransé ń pè é. Ìdajì ìlú gbọ́ ọ bí òkè, wọ́n ní ẹni tó ń gun òkè ni òyìnbó yìí, ó sì rọrùn láti gbà wọ́n gbọ́, nítorí òkè òkúta ò wọ́n wa.

Tó bá di ìsinmi ọ̀sán, àwa méjèèjì á jókòó sábẹ́ igi kajú, òun á máa sọ ìtàn ìgbà eré rẹ̀ fún mi. Faransé rẹ̀ kì í ṣe irú èyí tí àwọn tíṣà fi kọ́ wa. Á yí ọ̀rọ̀ kiri lẹ́nu bí ẹni tó bu iṣu gbígbóná jẹ, àlàfo eyín á sì fẹ́ èyí tó kù dànù. Ọjọ́ tí mo bá gbọ́ ìdajì, ọjọ́ náà dára. Màá mi orí, màá ní "wí, wí," ìyẹn bẹ́ẹ̀ ni lédè Faransé. Bó bá rẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín. Àwọn tó ń wò wá láti òkèèrè wá gbà pé kò sí ẹni tó gbọ́ Faransé tó mi ní gbogbo agbègbè náà. Èmi gan-an náà wá gbà á.

Ní àkókò yẹn ni mo ń fẹ́ Àbẹ̀kẹ́, ọmọ ìlú Kábúà, tó ń ṣe nọ́ọ̀sì nílé ìwòsàn Ṣábẹ̀ẹ́. Bàbá rẹ̀, àgbẹ̀ oníṣu, ò tíì dá mi lóhùn. Ó ní òun fẹ́ mọ irú ènìyàn tí mo jẹ́ ná. Nígbà tí sẹ́ẹ̀fù dísítíríkì, sójà tó ń ṣàkóso wa, wá ní kí Músíè Gásítọ̀n bá àwọn ọ̀dọ́ ìlú sọ̀rọ̀ nípa eré ìdárayá, tí ó sì yàn mí ní ògbufọ̀, inú mi dùn débi pé èmi fúnra mi ni mo gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Kábúà.

Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá gbọ́ bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀."

Bàbá wò mí títí. "Màá wá," ni ó wí. "Ọ̀rọ̀ ẹnu ọkùnrin ni a fi ń mọ̀ ọ́n."

Ọjọ́ pé. Pápá ilé-ìwé kún fọ́fọ́. Sẹ́ẹ̀fù dísítíríkì jókòó sábẹ́ ibòji pẹ̀lú àwọn àgbààgbà, tábìlì kan wà níwájú wọn tí wọ́n to ọtí ẹlẹ́rìndòdò sí nínú ọpọ́n yìnyín. Bàbá Àbẹ̀kẹ́ wà láàárín wọn, ó dé fìlà tuntun.

Músíè Gásítọ̀n bẹ̀rẹ̀. Ó ní ọmọdé lòun wà tí òun ti ń sáré lórí odò tó wà lẹ́yìn ilé bàbá òun. Mo túmọ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ariwo sọ. Bàbá arúgbó kan ní kí n béèrè irú oògùn tí òyìnbó náà lò tí kò fi rì. Mo ní rárá, odò náà ti dì ni, bí èyí tó wà nínú ọpọ́n yẹn. Gbogbo ojú yí sí ọpọ́n. Ìyá kan ní, "Tó bá dúró lórí ìyẹn, ṣé kò ní fọ́ ni?" Ẹ̀rín pa wọ́n, èmi náà rẹ́rìn-ín, ara mi wálẹ̀.

Ó ní nígbà tí òun dàgbà, ẹgbẹ́ kan gba òun, wọ́n ń sanwó fún òun, ẹ̀yìn ni òun sì ń dúró. Défáńsọ̀ ni òun. Mo ní, "Olùgbèjà ni." Sẹ́ẹ̀fù dísítíríkì nà tantan. "Olùgbèjà," ni ó tún un wí, ó na ìkúùkù sókè, "olùgbèjà Ìyípadà." Gbogbo pápá pàtẹ́wọ́. Mo yọjú wo bàbá Àbẹ̀kẹ́, ó ń mi orí díẹ̀díẹ̀. Ká ní mo mọ̀, ibẹ̀ ni ǹ bá ti purọ́ pé ọ̀fun ń dùn mí.

Músíè Gásítọ̀n rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní kò sí ẹni tó ṣẹ̀wọ̀n tó òun nínú ẹgbẹ́ náà.

Ọ̀rọ̀ yẹn hàn sí mi ketekete, "pírísọ̀n" ló pè é. Mo túmọ̀ rẹ̀. 

Sẹ́ẹ̀fù dísítíríkì gbé ìkúùkù rẹ̀ wálẹ̀. "Kámárádì ògbufọ̀, kí ló ṣe tó fi ṣẹ̀wọ̀n?"

Mo bi í. Ó ní òun á fi èjìká gbá ènìyàn mọ́ ògiri, òun á fi ọ̀pá kọ́ ẹlòmíràn lẹ́sẹ̀, nígbà mìíràn òun á bá wọn ja ìjà ẹ̀ṣẹ́, àwọn èrò á sì máa yọ̀. Mo túmọ̀ rẹ̀. Àwọn ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọmọ wọn mọ́ra.

"Ẹ̀wọ̀n ọdún mélòó?"

Mo tún bi í. Ó ní mìnútì méjì ni púpọ̀ nínú wọn, márùn-ún bí ìjà náà bá dùn. Mo gbọ́ mìnútì o. Ṣùgbọ́n mo rò ó: ta ló ń ṣẹ̀wọ̀n ìṣẹ́jú méjì láyé? Mo ní ahọ́n rẹ̀ ló yọ̀, mo sì bá a tún un ṣe. "Ọdún méjì méjì," ni mo wí, "nígbà mìíràn ọdún márùn-ún." Ó fi kún un pé òun lè lọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín alẹ́ kan. Ìyẹn ò bá ìṣirò mi mu, mo fò ó.

Bàbá Àbẹ̀kẹ́ dìde. "Ọmọ mi, ṣé ẹni tí ẹ jọ ń jẹun nìyí?"

Bí bàbá ṣe ń jókòó padà ni Músíè Gásítọ̀n rí i pé ojú gbogbo ènìyàn ti le. Ó rò pé wọn ò gba òun gbọ́ ni. Ó ní kí ẹnìkan jáde wá, òun á fi bí olùgbèjà ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn wọ́n. Mo túmọ̀ rẹ̀. Kò sí ẹni tó mira. Àwọn géńdé tí wọ́n ń na àyà láàárọ̀ ń wo ilẹ̀. Mo wo bàbá Àbẹ̀kẹ́, mo wo òyìnbó, mo bọ́ síwájú.

Ó rẹlẹ̀ díẹ̀, ó gbé èjìká. Mo gbà pé kò lo agbára rárá, nítorí òun náà ló sọ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn náà. Ohun tí mo rántí ni pé ẹsẹ̀ mi kúrò nílẹ̀, ojú ọ̀run mọ́ gaara, lẹ́yìn náà ni mo bá ara mi lórí tábìlì àwọn àgbààgbà, yìnyín wọ̀ mí lọ́rùn, orí mi sì wà lórí itan ẹni tí mo fẹ́ fi ṣe àna.

Mo ní, "Ẹ káàsán, bàbá." Kí ni ǹ bá tún wí?

Jàndáàmù méjì, àwọn ọlọ́pàá ìjọba, ti di òyìnbó mú. Ẹnìkan ní kí wọ́n sáré pe nọ́ọ̀sì. Ta ló máa dé bí kò ṣe Àbẹ̀kẹ́ tòun ti aṣọ funfun rẹ̀. Ó tẹ̀ mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wò, ó ní kò sí ohun tó ṣẹ́, ó wá yíjú sí Músíè Gásítọ̀n tó ń ṣàlàyé fún àwọn jàndáàmù tí òógùn bò ó. Ó tẹ́tí. Ó bi í léèrè ọ̀rọ̀ kan, òyìnbó dáhùn. Ó bi í lékejì. Ló bá bú sẹ́rìn-ín, ó di tábìlì mú kó má baà ṣubú.

"Ẹ fi í sílẹ̀," ló wí nígbà tó lè sọ̀rọ̀. "Bẹ́ńṣì kan ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá wọn. Ẹni tó bá ṣe kọjá òfin, wọ́n á ní kó lọ jókòó síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì. Bẹ́ńṣì yẹn ni wọ́n ń pè lẹ́wọ̀n. Kánádà ni àwọn sísítà Àgùdà tó kọ́ mi níwèé ti wá, bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyí."

Òun ló wá parí ọ̀rọ̀ náà. Ó túmọ̀ bí ó ṣe jẹ́ pé orúkọ ẹni tó gbá nǹkan pẹlẹbẹ náà wọ àwọ̀n ni èrò ń kọrin, kò sí ẹni tó ń kọrin olùgbèjà, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣọ́ àwọ̀n lẹ́yìn rẹ̀ ń sinmi lé e. Àti bí eékún òyìnbó náà ṣe bàjẹ́ tí eré rẹ̀ fi parí, tó sì sunkún kó tó lọ kọ́ṣẹ́ ẹ̀rọ.  Lẹ́yìn náà ni wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un títí ó fi bo ojú.

Sẹ́ẹ̀fù dísítíríkì yí sí mi, ojú rẹ̀ le bí òkúta. Ó ní, "Kámárádì ògbufọ̀, bẹ́ńṣì ló wà lọ́hùn-ún yẹn. Ọdún méjì." Mo lọ jókòó síbẹ̀ lójú gbogbo ìlú, ó ń wo aago ọwọ́ rẹ̀, gbogbo ìlú ń rẹ́rìn-ín.

Bàbá Àbẹ̀kẹ́ ló wá bá mi lórí bẹ́ńṣì. Ó jókòó tì mí.

"O ò gbọ́ Faransé," ló wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá."

"Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ní kí ọkùnrin jáde, ìwọ ló jáde. Nínú ilé yín, kí Àbẹ̀kẹ́ máa bá ọ gbọ́ ọ̀rọ̀. Bí ìyà bá dé, kí ìwọ lọ pàdé rẹ̀."

Bí wọ́n ṣe fún mi níyàwó nìyẹn. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ò pọ̀: ẹni tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀, kó ní kí wọ́n tún un sọ, kì í pani, mímí orí ló ń pani. Mo ti rò pé mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Àfi ìgbà tí Àbẹ̀kẹ́ bá ń bá mi sọ̀rọ̀ tí mo sì ń gbọ́ rédíò, tí mo bá ní "wí, wí." Á ní, "Kí ni mo wí?" Ẹ̀rín ni màá fi dáhùn, nítorí n kò gbọ́ nǹkan kan.