Ẹ́ńsáìmù Síkírù nínú Ìkòkò Ẹ̀kọ

Ẹyin lohùn, bó bá bọ́ ó fọ́. Ti Síkírù ará Ìbarà ti di ẹyin díndín kó tó kanlẹ̀. Bí òjò bá rọ̀, á ní òun lòun ránṣẹ́ sí i. Kì í jalè, kì í mutí. Ẹnu nìkan ló ń yọ ọ́ lẹ́nu.

Iṣẹ́ rẹ̀ ní Èkó, ní láàbù kan tí wọ́n ti ń ṣèwádìí, ni kó máa gbé kúlà láti ẹnu géètì dé ìdí fìríìjì. Ṣùgbọ́n bó bá ti wọ mọ́tò àárọ̀, "àwa onímọ̀ sáyẹ́ǹsì" ló ń pe ara rẹ̀. Gbogbo wa tá a jọ ń wọ mọ́tò ọ̀hún la mọ òótọ́ ọ̀rọ̀. A kàn fẹ́ràn rẹ̀ ni, ọ̀nà sì jìn.

Bàṣírátù, ọmọ Alhaja Àfúsá, ló fẹ́ fẹ́. Alhaja ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ ní Ìtòkú, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní kí Síkírù wá kóun rí i. Bó bá tẹ́ òun lọ́rùn, wọ́n á dá ọjọ́ yìgì.

Síkírù dé tòun ti kúlà oníyìnyín. Ó bá Alhaja lórí àpótí, ó ń fi ìyẹ́ adìyẹ ya ẹ̀kọ láfún sára aṣọ funfun. Ibi tí ẹ̀kọ bá bò, aró kì í mú un. Ibẹ̀ ni ọnà ti ń jáde. Aṣọ tí Bàṣírátù máa gbé lọ sílé ọkọ ni.

"Good afternoon, Alhaja! Ẹ má bínú o, mi ò lè dọ̀bálẹ̀. Nǹkan tó wà lọ́wọ́ mi ò gbọdọ̀ mì."

Ọkọ ìyàwó tí kò dọ̀bálẹ̀ fún àna! Alhaja wo kúlà, ó wo orúnkún rẹ̀. "Ó dáa. Kí ló wà níbẹ̀?"

Ìgò tó wà níbẹ̀ ò tó àtàǹpàkò, ọjọ́ rẹ̀ sì ti kọjá. Wọ́n ní kí Síkírù lọ dà á nù ni.

"Ẹ́ńsáìmù ni, Alhaja! Òun ló ń da oúnjẹ onísítáàṣì, bí àmàlà láfún, lára èèyàn. A mú àwòṣe rẹ̀ lára èèyàn, a fi sínú kòkòrò tí ojú ò lè rí, kòkòrò wá ń bá wa ṣe é. Èmi gan-an ni mo wà nídìí ẹ̀!"

Ìdí fìríìjì ló wà.

"Kí ló wá ń ṣe?" ni Bàṣírátù bi í.

"Kí ni ò lè ṣe? Wo ẹ̀kọ yẹn, ó ti ṣe kókó. Èyí á jẹ́ kó jọ̀lọ̀ bí òróró!"

Kí Alhaja tó gbé ìyẹ́ sílẹ̀, Síkírù ti da gbogbo rẹ̀ sínú ìkòkò tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó sì ń rò ó. Ẹ̀kọ jọ̀lọ̀ lóòótọ́. Síkírù rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ẹ̀kọ ń ṣàn. Lẹ́yìn náà ó di omi. Alhaja ti ìyẹ́ bọ̀ ọ́, kò rí nǹkan kan lára ìyẹ́ àfi adìyẹ. Ó fi kan aṣọ; omi náà sá kọjá ìlà, ó wọnú ọnà tó ti yà láti àárọ̀, ó ń jẹ ẹ́ lọ.

"Ó máa dì padà," ni Síkírù wí. Wọ́n dúró. Kò dì. "Bí atẹ́gùn bá fẹ́ sí i." Atẹ́gùn fẹ́. Kò dì.

"Síkírù," ni Alhaja wí, "ibo lára èèyàn ni nǹkan yìí ti wá?"

Ọjọ́ kan ṣoṣo tí irọ́ ìbá ṣe é láǹfààní nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ ń gùn ún.

"Inú itọ́ ni, Alhaja!"

Bàṣírátù bo ojú.

"O gbé itọ́ sínú yìnyín," ni Alhaja wí jẹ́jẹ́, "láti Èkó wá sí Ìtòkú."

Ìgbà yẹn ni Síkírù wá dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà rẹ̀ nínú omi ẹ̀kọ. Ó bẹ̀bẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ó fẹ́ràn Bàṣírátù lóòótọ́. Ìyẹn nìkan ni kò fi fọ́nnu rí.

Àánú ṣe Alhaja. "Dìde. Láfún mìíràn nìyí, rò ó kó jiná. Ṣùgbọ́n pa ẹnu ẹ dé, kí itọ́ má tún já sí i. Bó o bá dákẹ́ títí màá fi sọ ìkòkò kalẹ̀ lórí iná, a ó dá ọjọ́ yìgì lónìí."

Ẹ̀yin èèyàn mi, Síkírù dákẹ́! Èéfín wọ̀ ọ́ lójú, kò wí nǹkan. Ẹ̀kọ ta sí i lọ́wọ́, kò ké. Àwọn ará ilé yọjú wá wò ó. Bàṣírátù ní òun ò mọ̀ pé ó rẹwà tó báyìí. Ẹ̀kọ ki, ó ń dán. Alhaja fi àkísà di ìkòkò mú létí, inú rẹ̀ ti yọ́.

"Ẹ̀kọ yìí mà dára o," ló wí. "Ta ló kọ́ ẹ?"

"Háà, Alhaja! Ní láàbù wa..."

Alhaja fi ìkòkò sílẹ̀ lórí iná níbi tó wà. Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀.

"Bàṣírátù, ṣé láfún kù?"